Ìdí Ìrókò: Igi Ọ̀ṣọ́ Ojúde àti Ilẹ̀ tí Ó Gbà Wọ́n ní Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ igi ni a yàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kì í ṣe igi oko, kì í sì í ṣe igi gẹdú tí a ń là ní pákó, bí kò ṣe igi tí àwọn baba wa fi ọwọ́ ara wọn gbìn, tàbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sí, ní ojúde ọba, ní ojúbọ, ní ọjà àti ní ẹnu bodè, kí ó lè fún ibẹ̀ ní ẹwà, ìbòji àti ọlá.

Ẹni tí ó bá ti Òkèṣà rìn dé Ìjìgbò lónìí, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ gba Ajílósùn lọ, yóò rí igi ọ̀ṣọ́ níwájú ilé àwọn ènìyàn. Yóò rí igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ewé rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ bí agọ̀ eégún. Íńdíà àti Sri Lanka ni ìyẹn ti wá. Yóò rí flamboyant tí ó ti erékùṣù Madagascar wá, àti dóńgóyárò tí òun náà ti ìhà Íńdíà wá. A kò bá igi àlejò jà. Ìbòji dóńgóyárò ti gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bèèrè ibi tí àwọn onílé wọlé sí. Ìlú tí ó fi orúkọ igi ìrókò sọ ọdún rẹ̀ kò yẹ kí ó di ìlú tí ọmọdé ibẹ̀ kò ti lè nawọ́ sí ìrókò kan.

Ọdún Ùdírókò ni a ń sọ. Òun ni Adó fi ń wọ ọdún tuntun rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni orúkọ náà fi ń fọhùn: níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń sọ pé ilé, iṣu, iṣẹ́, ulé, uṣu, uṣẹ́ ni Èkìtì ń wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí ìrókò ṣe di Ùdírókò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú sọ pé Ewì Àwàmárò ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ibi tí Adó wà yìí, tí ó bá Elésùn, olórí àwọn tí ó ti tẹ̀dó ṣáájú, jagun, tí ó sì borí. Abẹ́ ìrókò ni ọba àti àwọn ìjòyè ti ń pé jọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ará àdúgbò ti ń wá júbà. Ẹ kíyè sí i pé ìlú yìí ní ọba púpọ̀ tí ó lè fi orúkọ wọn sọ ọdún, ó sì ní ogun tí ó ṣẹ́. Ìdí igi ni ó yàn.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ìdí ìrókò? Àwọn kan yóò dáhùn pé nítorí agbára inú rẹ̀ ni, a kò sì ní bá wọn jiyàn níwájú àwọn awo. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí àwọn àgbà mọ̀, tí a kì í sábà sọ. Oṣù Kẹjọ bọ́ sí àárín àsìkò òjò. Ibi tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò jókòó sí ní àsìkò yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí kì í dá omi dúró, nítorí pé a kì í tẹ́ ẹní ọba sínú ẹrẹ̀. Ìrókò kì í gbé àbàtà. Ibi tí ó bá ti dàgbà di arúgbó, ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀, omi sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwa gbà pé ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ́ ìjókòó sí abẹ́ ìrókò ka igi náà gẹ́gẹ́ bí awo ṣe ń ka ojú ọpọ́n: ó wo igi, ó mọ ilẹ̀.

Ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ran irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Láti ara òkìtì ni a ti ń túmọ̀ orúkọ wa, òkè sì yí wa ká: Olóta àti Ayọ̀ba ní Adó, Ọlọ́ṣunta ní Ìkẹ́rẹ́, títí dé àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n. Adó ga ju ojú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní mítà 400. Òkúta líle tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní òǹkà ni ó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí òjò àti oòrùn ṣe ń jẹ òkúta yìí díẹ̀díẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ń kù sí ẹ̀gbẹ́ òkè, amọ̀ tí ó kúnná ń bá àgbàrá lọ sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi lè dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó rin ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ó sì bọ́ sínú àkùrọ̀ Ùrèjé tàbí Ajílósùn. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pín iṣẹ́ fún un: àkùrọ̀ fún ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì, ẹ̀gbẹ́ òkè fún iṣu, orí ilẹ̀ tí ó ga fún ilé, ojúbọ àti igi tí yóò pẹ́.

Gbòǹgbò igi ń mí. Àárín yanrìn àti yanrìn nínú ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń wà. Bí omi bá wá dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, yóò lé afẹ́fẹ́ jáde, gbòǹgbò yóò kú, yóò sì jẹrà. Ìrẹsì àti igi àbàtà ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbà á. Ìrókò kò ní in, akòko kò ní in, pèrègún tilẹ̀ burú jù: bí ìdí rẹ̀ bá rẹ sínú omi, ewé rẹ̀ yóò pọ́n, igi rẹ̀ yóò sì rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ igi tí a rò pé ayé ni ó ṣe é, omi gọ́tà tí a darí sí ìdí rẹ̀ ni ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí á pẹ́ díẹ̀ lórí ìrókò, nítorí pé òun ni ìtàn rẹ̀ dùn jù, òun náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì le jù. Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ ọ́ ni àwọn oníṣòwò igi gbà káàkiri àgbáyé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá wí pé ìrókò, gbẹ́nàgbẹ́nà mọ ohun tí à ń wí, nítorí pé òun ni wọ́n ń lò ní ipò tíìkì fún ilẹ̀kùn, ọkọ̀ ojú omi àti tábìlì yàrá ìwádìí. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Milicia excelsa. Ó lè ga tó mítà 50. Akọ àti abo rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ó jẹ́ abo nìkan ni ó ń so èso. Àdán ni ó ń jẹ èso náà ní òru, òun ni ó sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ rí i pé ẹyẹ òru tí kì í ṣe ẹyẹ yìí, tí a ń lé, tí a sì ń pa, àgbẹ̀ ìrókò ni.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ayùn mọ̀ dáadáa. Nígbà mìíràn bí a bá ń la ìrókò, eyín ayùn yóò ṣàdédé kán, òkúta ni a ó bá nínú igi. Àwọn àgbà ní ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. Àwọn olùwádìí náà rí i pé igi yìí ń sọ èròjà kan nínú ara rẹ̀ di òkúta ẹfun, nínú igi àti nínú ilẹ̀ tí ó yí i ká, tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ìdí ìrókò àgbà fi ń yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Igi tí ó ń ṣe ilẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìṣòro ńlá ni kí ènìyàn gbìn ín. Kòkòrò kékeré kan wà tí a ń pè ní Phytolyma. Yóò yé ẹyin sí ewé ọ̀dọ́ ìrókò, ewé náà yóò wú bí kókó, kókó yóò bẹ́, ọ̀rinrin àti olú yóò wọ ibẹ̀, orí ọ̀gbìn náà yóò sì jẹrà. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn àti ní Ghana ti bá kòkòrò yìí jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí rẹ̀ ni ó fi ṣòro láti dá oko ìrókò nìkan bí wọ́n ṣe dá oko tíìkì àti maláínà sílẹ̀ nínú igbó ọba ní Oǹdó àti Èkìtì. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá gbìn ín láàárín igi mìíràn, níbi tí ìbòji díẹ̀ wà, ọṣẹ́ kòkòrò náà ń dínkù. Ẹni tí ó bá mọ igbó ojúbọ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí èyí, nítorí pé bí igbó ojúbọ ṣe rí gan-an nìyẹn: igi oríṣiríṣi tí ń ṣíji bo ara wọn.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ni a ń gé e, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ọ̀rọ̀ ìwà búburú ni àwọn àgbà fi òwe náà sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìran tiwa gbé e lórí ahọ́n lásán. A ti gé àwọn kékeré, a sì ti ń là àwọn àgbà. Ìrókò àgbà tí ó ń gba ẹbọ lónìí, ẹnìkan ni ó dá a sí nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀pá.

Akòko kò nira tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ gún mọ́lẹ̀ lásán ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò hu. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń fi í ṣe ọgbà àti ìtì iṣu. Ó dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pupa, ó rí bí fèrè. Bí ó bá tan, kò sí òdòdó òkèèrè tí ó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ewé rẹ̀ ni a ń fi sí orí ẹni tí a bá fi joyè. Ọba kò di ọba láìsí i. Ará Faransé kan, Palisot de Beauvois, tí ó wá sí ìhà Ọwárẹ̀ àti Ìbíní ní ọdún 1786, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé fún àwọn ará Yúróòpù. Orúkọ onímọ̀ ewéko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Newbould, ni wọ́n padà fi pe ìdílé rẹ̀: Newbouldia laevis. Nínú ìdílé náà, akòko nìkan ṣoṣo ni ó wà, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. A fẹ́ràn èyí púpọ̀: àwọn tí ó wo ewé rẹ̀ lásán láìmọ oyè tí ó ń fi jẹ, àwọn náà rí i pé kò ní ẹlẹgbẹ́.

Pèrègún ni ẹlẹ́rìí. Níbi tí akòko ti ń jẹ́ ti oyè, pèrègún ń jẹ́ ti ààlà àti ti ojúbọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń rí àwọn méjèèjì papọ̀ ní ojú Ògún, pàápàá ní ìhà Ìrè-Èkìtì tí Ògún ti ní orúkọ. Ogun Kírìjí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, tí a kò tú ibùdó rẹ̀ ká títí di ọdún 1893, tú ilé púpọ̀ ní Èkìtì. Ògiri amọ̀ kì í pẹ́ wó lulẹ̀ bí kò bá sí òrùlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ahoro, tí ó rí pèrègún tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ti mọ̀ pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí, nítorí pé pèrègún kì í fúnra rẹ̀ tò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni adájọ́ ti ń gbọ́ ẹ̀rí pèrègún àti akòko nínú ẹjọ́ ilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wá wò ó: ẹni tí ó fi katakata wú ìlà pèrègún kan lọ́jọ́ kan, ìwé ìdílé kan ni ó ya. Bẹ́ẹ̀, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, inú ìkòkò ni wọ́n ń gbin pèrègún yìí sí, tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí yàrá àti ọ́fíìsì, tí wọ́n sì ń ra á ní owó gidi. Ìkìlọ̀ tí àwọn tí ń tà á máa ń ṣe fún oníbàárà wọn ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí omi dúró nínú àwo ìdí ìkòkò rẹ̀. Ìyá àgbà ní Ìyìn tàbí ní Ìgèdè ti mọ èyí láìra ìkòkò.

Òrúrù ńkọ́? A kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ pupa bí iná, Palisot de Beauvois yìí kan náà ni ó sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé, àwọn òyìnbó sì kó o lọ gbìn káàkiri ilẹ̀ olóoru fún ẹwà. Ní Hawaii àti Fiji, ó ti gba oko mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ti wà nínú ìwé orúkọ àwọn ewéko ọgọ́rùn-ún tí ó ń yọ ayé lẹ́nu jù lọ. Ní ilé níbí, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Igi mọ ilé ju bí a ti rò lọ.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun mọ èyí ju wa lọ. Ìrókò kò hù ní Bahia, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí òrìṣà náà wà láìní igi. Wọ́n wo igbó Brazil yíká, wọ́n rí igi ńlá kan tí ó jẹ́ ìbátan ọdán, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gameleira, wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ ọn, wọ́n sì pè é ní Ìrókò. Ní Cuba, àràbà ni ó gba ipò náà. Àwọn tí kò ní igi wá arọ́pò rẹ̀. Àwa tí igi wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ni a ń fi kọnkéré dí i lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kọnkéré yìí ni a fẹ́ kí ìpàdé yìí gbé yẹ̀ wò. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò láti ìgbà tí Adó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ojúde púpọ̀ ni a ti fi sìmẹ́ǹtì tàbí bíríkì aláso pọ̀ tẹ́, a sì ń tẹ́ ẹ títí kan ìdí igi gan-an. Ojúbọ mìíràn wà tí ó ti di kòtò láàárín ilé alájà, tí omi òrùlé ilé mẹ́rin ń dà sínú rẹ̀. Akòko tí ó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá-ńlá yóò kú láàárín òjò méjì. Nígbà náà, bí oyè bá kàn, a ó rán ènìyàn lọ ra ewé lọ́jà bí ẹni ra ẹ̀fọ́. A ti rí i kí wọ́n gbé ewé mìíràn tí ó jọ akòko wá fún ìwúyè, tí àgbà kan fi ní láti dá iṣẹ́ dúró títí ẹnìkan fi gun alùpùpù lọ sí oko rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a mú wá kò ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Kí a yọ bíríkì kúrò ní ìdí igi àgbà, ó kéré tán níwọ̀n gígùn ọ̀pá mẹ́ta yíká, kí a sì fi yanrìn tí ó nípọn àti ewé gbígbẹ sí i, kì í ṣe amọ̀. Kí a darí omi òrùlé gba ibòmíràn. Níbi tí ilẹ̀ ojúbọ bá ti rẹlẹ̀, kí a kó ilẹ̀ jọ di ebè ńlá tí ó ga tó orúnkún, kí a pò yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, orí rẹ̀ ni kí a gbin igi sí. Akòko tí a bá gé kí ó tó àtàǹpàkò méjì ní ìnípọn. Kí a jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan kí a tó gún un mọ́lẹ̀. Pèrègún náà bẹ́ẹ̀. Ti ìrókò, èso tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ abo rẹ̀ ni kí a ṣà, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fọwọ́ yọ irúgbìn rẹ̀, kí a sì gbìn ín kíákíá nínú ọ̀rá oníyanrìn, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bí ó bá tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí a gbé e lọ sí ilẹ̀ gíga, láàárín igi mìíràn, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ sì máa bẹ ewé rẹ̀ wò fún kókó, kí ó gé èyí tí ó bá wú, kí ó sun ún.

Òjò Èkìtì máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ọ̀pá akòko tí a bá gún mọ́lẹ̀ nígbà náà lórí ebè tí kì í dá omi dúró yóò ti yọ ewé kí Adó tó pé jọ fún Ùdírókò. A ti kó ọ̀pá ogún jọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, a sì ti gbẹ́ ihò tí a ó gún wọn sí ní ìhà òkè ojúde, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mú ọ̀kan lọ sí ojúbọ ìdílé rẹ̀ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó tó di ọjọ́ ìtúká ọdún.